Ṣé alángbá náà ní adrenaline?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Alángbá tó wà lára ògiri wa l'Ókè-Fìà, Òṣogbo níbí, téèyàn bá ti yọ sí i báyìí, fíà, ó ti lọ! Ṣé òun náà ní adrenaline ni?

Ìdáhùn: Ó ní in dáadáa o, ìyẹn kẹ́míkà inú ara tó ń múra ẹni sílẹ̀ láti sá tàbí láti jà tẹ́rù bá bani! Àmọ́ ibi tó ti ń wá ò sí lórí kíndìnrín bíi tiwa, ẹ̀gbẹ́ ọmọ kórópọ̀n tàbí ilé ẹyin ló wà. Tẹ́rù bá bà á, ọpọlọ á ránṣẹ́ gba ọ̀pá ẹ̀yìn, àwọn nẹ́ẹ̀fù á da acetylcholine, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́, sára àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀, làwọn yẹn bá tú adrenaline àti ìbátan ẹ̀ tó ń jẹ́ noradrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn ẹ̀ á máa sáré. Èyí tó wù mí jù rèé: ẹ́ńsáìmù (èròjà tó ń mú kí kẹ́míkà inú ara yí padà) tó ń jẹ́ PNMT ló ń sọ noradrenaline di adrenaline, sẹ́ẹ̀lì tí ò bá ní in, noradrenaline nìkan ló máa rí ṣe.