Físà iṣẹ́ UK yín ku ọ̀sẹ̀ 7: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì

Àǹtí mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá, Ọlọ́run á tu gbogbo ẹbí nínú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ kó tó yé mi dáadáa: físà Skilled Worker yín ku ọ̀sẹ̀ 7 kó parí, HR, àwọn tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ yín, ò tíì fún yín ní CoS tuntun (Certificate of Sponsorship, ẹ̀rí pé agbanisíṣẹ́ ló ń ṣe onígbọ̀wọ́ físà yín), ìsìnkú bàbá wá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí físà bá ti parí, ẹnì kan níbi iṣẹ́ sì ti sọ fún yín pé kẹ́ ẹ ṣáà ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, pé 3C leave á gbà yín, kẹ́ ẹ gbéra kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ ọ o.

Òótọ́ ni pé 3C wà. Inú òfin Immigration Act ti 1971 ló wà, ohun tó ń sọ ni pé tẹ́ ẹ bá ti fi fọ́ọ̀mù rìníù ránṣẹ́ kí ọjọ́ físà tó pé, físà àtijọ́ yẹn á máa bá a lọ, iṣẹ́ tẹ́ ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe lánàá ẹ ṣì lẹ́tọ̀ọ́ sí i lónìí, títí wọ́n á fi dá yín lóhùn, kódà kí èsì pẹ́ títí. Ọjọ́ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n fèsì. Ṣùgbọ́n ìgbà tẹ́sẹ̀ yín bá wà ní UK nìkan ló máa ń gbà yín. Tẹ́ ẹ bá fò jáde tí èsì ò tíì dé, fọ́ọ̀mù yẹn ti kú nìyẹn, wọ́n á kà á sí pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ fà á padà, físà àtijọ́ náà sì ti parí, kí lẹ wá fẹ́ fi wọlé?

Mo mọ arábìnrin kan tá a jọ ń gbé ilé kan náà nígbà kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọjọ́ 5 péré ló fẹ́ lọ lò. Nígbà tó fẹ́ padà, wọn ò jẹ́ kó wọkọ̀ òfuurufú, àfi kó bẹ̀rẹ̀ físà míì látìbẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè. Yàrá tèmi àti tiẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́, èmi ni mo bá a kó ẹrù ẹ̀ sínú àpótí nígbà tí onílé fẹ́ gba yàrá ẹ̀, bàtà iṣẹ́ ẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn níbi tó bọ́ ọ sí láàárọ̀ tó ń lọ. Ìdí tí mo fi ń pariwo rèé.

Tèmi náà, ní 2023 ni. Ọjọ́ Friday kan ni físà mi máa parí, mo sì ti ń kọ ímeèlì sí HR láti nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú, gbogbo ìgbà tí mo bá kọ, èsì kan náà ni, a ti ń ṣe é, a ti ń ṣe é. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ìgbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì tí mo dìde lọ sí ọ́fíìsì wọn fúnra mi ni mo tó mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo tó lè wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe CoS lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti lọ lo ìsinmi ìbímọ, àwọn tó kù kàn ń dá mi lóhùn ni, kò sí ẹni tó lè ṣe é nínú wọn! Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń wá bí wọ́n ṣe máa fi orúkọ ẹlòmíì sí i. Nítorí náà, àǹtí mi, ìbéèrè tẹ́ ẹ máa bi wọ́n lọ́jọ́ Monday kì í ṣe "ibo lẹ bá a dé", ìbéèrè yẹn ò lérè. Ẹ bi wọ́n pé ta gan-an ló máa tẹ̀ ẹ́, kí lorúkọ onítọ̀hún, ṣé ó wà níbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, ṣé CoS tí ìjọba fún ilé iṣẹ́ fún ọdún yìí ò tíì tán. Tó bá ti tán, wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀bẹ̀ fún òmíràn, ìyẹn náà máa ń jẹ ọjọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìdáhùn yẹn sínú ímeèlì.

Àárọ̀ Tuesday ni CoS mi tó dé. Ẹ máa rántí pé kì í ṣe ìwé kan tí wọ́n máa tẹ̀ fún yín o, nọ́ńbà lásán ni, nọ́ńbà yẹn ni fọ́ọ̀mù máa bi yín, láìsí i ẹ ò lè ṣe nǹkan kan. Mo ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n kọ sínú ẹ̀ hàn mí, owó oṣù ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n kọ sí i! Wọ́n tún lo ọjọ́ kan láti tún un ṣe. Ní tiyín, ibi owó yẹn tiẹ̀ le ju ti ìgbà tèmi lọ, torí wọ́n ti gbé iye owó ọdún tí wọ́n ń béèrè láti £26,200 sí £38,700 ní April 2024, wọ́n tún gbé e sí £41,700 ní July 2025. Àwọn tó ti wà lórí físà yìí ṣáájú 4 April 2024 ní òṣùwọ̀n tiwọn tó rẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n fún yín ní CoS àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ rán HR létí kí wọ́n tó kọ ohunkóhun, torí ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ ọ́n.

Alẹ́ Thursday ni mo jókòó láti sanwó. Owó ìlera (Immigration Health Surcharge, owó tẹ́ ẹ máa san kẹ́ ẹ lè lo ilé ìwòsàn ìjọba) nígbà yẹn ṣì jẹ́ £624 lọ́dún kan, ọdún 3 já sí £1,872 lẹ́ẹ̀kan náà, owó fọ́ọ̀mù ò tíì sí níbẹ̀ o. Mo tẹ káàdì, báǹkì ní rárá. Mo tún tẹ̀ ẹ́, rárá. Wọ́n rò pé olè ló ń ná owó mi. Mo wà lórí fóònù pẹ̀lú wọn, orin ń lọ létí mi, mo gbé aago ọwọ́ mi sórí tábìlì mo ń wò ó, agogo 11 ti kọjá kí ẹnì kan tó gbé e tó ṣí káàdì yẹn fún mi. Ìgbà tí ímeèlì tó ní wọ́n ti rí fọ́ọ̀mù mi gbà wọlé, mo kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni. Owó ìlera yẹn ti di £1,035 lọ́dún báyìí, láti February 2024, ọdún 3 jẹ́ £3,105, ẹ ò sì sí lórí físà Health and Care, ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, tí wọn kì í gba owó yẹn lọ́wọ́ wọn. Ẹ pe báǹkì yín ṣáájú, ẹ sọ fún wọn pé owó ńlá kan ń bọ̀.

HR lè sọ pé kẹ́ ẹ bá àwọn san Immigration Skills Charge. Ẹ má san án. Owó agbanisíṣẹ́ ni, òfin ò gbà kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tàbí kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó oṣù. Tẹ́nikẹ́ni níta bá sọ pé òun máa ta CoS fún yín torí ẹ̀rù ń bà yín, ẹ sá fún un.

Ohun tó dùn mí jù ò tíì ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn o. Ní Monday mo dé ibi iṣẹ́, máníjà pè mí, ó ní físà mi ti parí, kí n máa lọ sílé. Mo fi ímeèlì hàn án, mo sọ 3C fún un, ó ní òun ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 3 ni mo fi jókòó sílé láìsí owó, mo sì ti ná gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù. Ohun tó tú u sílẹ̀ ò ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ: Employer Checking Service ti Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà. Agbanisíṣẹ́ ló máa wọ ibẹ̀, ó máa kọ orúkọ yín àti ọjọ́ tẹ́ ẹ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, wọ́n á fi ìwé kan tó ń jẹ́ Positive Verification Notice ránṣẹ́ sí i, ìwé yẹn máa dáàbò bo òun náà fún oṣù 6. Èmi ni mo tẹ ojú ìwé yẹn jáde tí mo gbé e sórí tábìlì ẹ̀. Owó ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n san padà fún mi nínú mẹ́ta, ó ṣì ń dùn mí títí dòní. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá lé yín sílé, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ ímeèlì sí máníjà àti HR papọ̀, kẹ́ ẹ dárúkọ Employer Checking Service fún wọn.

Ní ti ìrìn àjò, tó bá jẹ́ èmi ni, mo máa kọ́kọ́ bi ẹbí bóyá wọ́n lè fa ọjọ́ ìsìnkú síwájú kí físà tó parí, kí n lọ kí n bọ̀ lórí físà tó wà lọ́wọ́, kí n wá dé kí n tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, torí inú UK lẹ gbọ́dọ̀ ti fi ránṣẹ́. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ gba CoS láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí ìsinsìnyí, kẹ́ ẹ má sì gba ọ̀nà lásán, torí ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n máa ń sọ, ìsìnkú á ti kọjá. Super priority jẹ́ £1,000 lórí owó tó kù, èsì sábà máa ń dé lọ́jọ́ iṣẹ́ kejì, priority jẹ́ £500 fún ọjọ́ iṣẹ́ 5. Ó wọ́n, mo mọ̀, ṣùgbọ́n bàbá ni. Nígbà míì wọ́n máa ń ní àwọn fẹ́ yẹ nǹkan wò sí i, èsì á sì pẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ní tíkẹ́ẹ̀tì ò gbọdọ̀ ṣáájú èsì.

Tí ọjọ́ físà bá wá kọjá láìfi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, kò sí 3C, kò sí iṣẹ́. Àyè ọjọ́ 14 kan wà fún ẹni tó ní ìdí tó lágbára, ṣùgbọ́n ẹ má fọkàn sí i. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì tí CoS ò tíì dé, ẹ wá lọ́yà ìmígíréṣọ̀n tó ní ìwé àṣẹ, ẹ má béèrè lọ́wọ́ wa mọ́.

Ó ku kiní kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti fòpin sí BRP, káàdì tó ń fi físà hàn, ní ìparí 2024, inú àkáǹtì UKVI, àkáǹtì físà ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni físà wà, pásípọ́ọ̀tù tẹ́ ẹ fi so mọ́ ọn ni àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú máa fi wá yín. Ọjọ́ wo ni pásípọ́ọ̀tù tiyín máa parí, ṣé òun náà lẹ ṣì fi ṣí àkáǹtì yẹn?