Níbo Ni Fáìlì Yín Wà Gan-an?

Láti ìgbà tí Microsoft ti ṣíwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 ní 14 October 2025, ìbéèrè kan náà ni ẹ ń fi ránṣẹ́ sí mi: bí a bá lọ sí Windows 11, ṣé fáìlì wa kò ní sọnù? Ẹ kàn ń pààrọ̀ aṣọ fún un ni. Mo yan mélòó kan nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè irú kọ̀ǹpútà tuntun tó yẹ kí ẹ rà, ẹ ṣe sùúrù fún mi. Lóṣù yìí, ẹrù inú kọ̀ǹpútà ló jẹ mí lógún ju kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lọ.

Bàbá Kọ̀ǹpútà, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ń ṣe ní Ṣómólú. Windows 10 ló wà lórí kọ̀ǹpútà mi, orí rẹ̀ sì ni iṣẹ́ gbogbo oníbàárà wà: ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ìjọ. Ẹ̀ńjíníà wa fẹ́ fi Windows 11 sí i. Ó ní kí n má mikàn, pé ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan ohun tó bá wà lórí D. Mo tún ra fíláàṣì 2TB kan lẹ́bàá títì, owó rẹ̀ kò wọ́n rárá. Ṣé ìyẹn tó? — Onítẹ̀wé, Ṣómólú

Ọ̀gá onítẹ̀wé, fíláàṣì yẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Owó pọ́ọ́kú kì í ra 2TB. Ohun tó sábà máa ń wà nínú irú rẹ̀ kò ju 32GB tàbí 64GB lọ; wọ́n kàn kọ́ ọ ní irọ́ tí yóò máa pa fún kọ̀ǹpútà ni. Ẹ óò máa kó fáìlì sí i, yóò máa gbà á, orúkọ fáìlì yóò sì tò rẹ́rẹ́ lójú yín. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí wọn ni ẹ óò tó rí i pé kò sí nǹkan nínú wọn. Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ H2testw. Yóò kọ nǹkan kún fíláàṣì náà dẹ́nu, yóò wá ka gbogbo rẹ̀ padà láti mọ̀ bóyá ó pé. Ó máa ń pẹ́ gan-an, ẹ jẹ́ kó ṣe é mọ́jú. Bí ó bá kùnà, ẹ jù ú nù. Kí ẹ má sì fún ọmọ yín gbé lọ sílé ìwé. Háàdì dísìkì tí wọ́n ń gbé kiri ni kí ẹ rà, lọ́wọ́ ẹni tó máa já rìsíìtì fún yín.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí D. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, dísìkì kan ṣoṣo ni C àti D. Ẹ ti rí yàrá tí wọ́n fi pákó pín sí méjì, tí òrùlé kan ṣoṣo bò wọ́n? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Bí dísìkì bá kú, àwọn méjèèjì ló kú. Ewu kejì sì wà tí àwọn ènìyàn kì í fura sí. Windows 11 ń fẹ́ kí kọ̀ǹpútà tan ní ìlànà tuntun tí wọ́n ń pè ní UEFI, ìyẹn sì ń fẹ́ dísìkì tí wọ́n tò ní ọ̀nà GPT. Kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́, ọ̀nà àtijọ́ tó ń jẹ́ MBR ni wọ́n sábà fi to tirẹ̀. Ẹ̀ńjíníà yóò ki fíláàṣì Windows 11 bọ̀ ọ́, yóò kọ̀, yóò ní òun kò lè wọ dísìkì yìí. Lójú ẹni tó ń kánjú, tí oníbàárà mẹ́ta mìíràn jókòó tì, ohun tó yá jù ni kó pa C àti D rẹ́ pọ̀ kó tún dísìkì pín. Bí D tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn ṣe ń lọ nìyẹn. Irinṣẹ́ kan wà nínú Windows 10 fúnra rẹ̀, mbr2gpt lorúkọ rẹ̀, tó ń yí dísìkì padà láìpa fáìlì rẹ́. Ẹ bi ẹ̀ńjíníà yín bóyá ó mọ̀ ọ́n lò. Bí ó bá mọ̀ ọ́n lò náà, ẹ kọ́kọ́ kó ẹrù yín jáde.

Ẹ tún bi í pé ibo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti inú Windows 10 tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ojú ìwé kan yóò wá tí yóò béèrè ohun tí ẹ fẹ́ kó kù. “Keep personal files and apps” ni yóò fi fáìlì àti sọ́fítíwíà yín sílẹ̀. “Keep personal files only” yóò fi fáìlì sílẹ̀, ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà bíi CorelDRAW tí ẹ fi ń ṣe iṣẹ́ yóò lọ. “Nothing” kò nílò àlàyé. Bí ó bá jẹ́ orí fíláàṣì ló ti tan kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀, kò sí pé ẹ ń yan èyí tí yóò kù: fífọ̀ ló ń fọ̀ ọ́ yẹn.

Nísinsìnyí, ohun tí ẹ̀yin onítẹ̀wé máa ń gbàgbé: fọ́ǹtì, ìyẹn fáìlì tó ń fún lẹ́tà ní ìrísí rẹ̀. Fáìlì CorelDRAW kì í sábà gbé fọ́ǹtì tirẹ̀ rìn. Ẹ lè kó gbogbo iṣẹ́ yín pamọ́ láìku ẹyọ kan, kí ẹ wá ṣí i lórí Windows tuntun, kí gbogbo lẹ́tà ti yí padà. Iṣẹ́ Yorùbá àtijọ́ ló tún burú jù. Kí Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ lórí gbogbo kọ̀ǹpútà, tó gbilẹ̀, fọ́ǹtì àkànṣe ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń tẹ Yorùbá, èyí tí wọ́n ti gba ipò àmì mìíràn fún ẹ, ọ àti ṣ. Bí fọ́ǹtì yẹn kò bá sí, ìwé ètò ìsìnkú tí ẹ tẹ̀ fún bàbá ìjọ yóò kún fún àmì tí kò sẹ́ni tó lè kà á. Mo ti rí i lórí tábìlì mi ní Mọ́kọ́lá níhìn-ín: fáìlì pé, ọ̀rọ̀ kò ṣe é kà, ẹni tó ni fọ́ǹtì náà ti kúrò nílùú. Nítorí náà, ẹ da gbogbo ohun tó wà nínú C:\Windows\Fonts kọ. Àwọn fọ́ǹtì kan tún máa ń sá pamọ́ sínú fódà ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà, ní AppData\Local\Microsoft\Windows\Fonts. Ẹ kó ìwọ̀nyẹn náà. Àwọn iṣẹ́ tí oníbàárà lè padà wá béèrè, ẹ ṣe PDF wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ wá rìn yí ká kọ̀ǹpútà náà fúnra yín. Desktop, Downloads, fódà tí ọmọ iṣẹ́ yín dá sílẹ̀ lórí C tó pè ní “New folder (7)”: ibẹ̀ ni iṣẹ́ máa ń wà jù. Lẹ́yìn tí ẹ bá kó wọn tán, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ fódà ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ tẹ Properties, kí ẹ fi iye fáìlì méjèèjì wéra. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé dísìkì náà lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ ṣí èyí tó pẹ́ jù, èyí tó tóbi jù, àti èyíkéyìí tí ọwọ́ yín bá bà. Ẹ má gba “mo ti kó o pamọ́” gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, títí kan èmi.

Ẹ kò sì ní láti sáré. Kọ̀ǹpútà yín kò kú ní October. Àtúnṣe ààbò ni kò rí gbà mọ́. Microsoft ṣí ọ̀nà ESU sílẹ̀ fún ẹni tó ní Windows 10 nílé, pé yóò ṣì máa rí àtúnṣe ààbò gbà títí di 13 October 2026. Bí Intel inú kọ̀ǹpútà yín bá ti dàgbà ju ìran kẹjọ lọ, Windows 11 kò tilẹ̀ ní gbà á lọ́nà tó tọ́, ọ̀nà ESU yìí ni kí ẹ sì kọ́kọ́ wò.

Ẹ káàsán sà. Olùkọ́ ni mí ní Abẹ́òkúta. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù kan bá mi tan ohun kan tó ń jẹ́ TPM nínú láàpútọ́ọ̀pù mi kí Windows 11 lè gbà. Láti ìgbà náà, ojú búlúù ló ń gbé wá, ó ń béèrè nọ́ńbà gígùn kan tí n kò rí rí. Wọ́n ní àfi kí àwọn fọ̀ ọ́. Máàkì àwọn ọmọ wà níbẹ̀ o. — Ìyá Olùkọ́

Ìyá wa, ẹ gba láàpútọ́ọ̀pù yín lọ́wọ́ wọn lónìí. BitLocker nìyẹn, ètò Windows tó ń ti dísìkì pa kí olè má lè kà á. Kò sí ohun tó ṣe fáìlì yín. Ilẹ̀kùn ló tì. Ọ̀pọ̀ láàpútọ́ọ̀pù ló máa ń ti dísìkì ara rẹ̀ pa láìbi ẹnikẹ́ni, bí ẹ bá ti fi àkáǹtì Microsoft wọlé. Bí ènìyàn bá wá yí ètò ìpìlẹ̀ rẹ̀ padà, bíi TPM yẹn, tó jẹ́ ẹ̀yà ààbò inú rẹ̀, yóò rò pé olè ló dé.

Ẹ kọ́kọ́ ní kí ọmọ náà dá ohun tó yí padà sí bó ṣe wà. Nígbà mìíràn, ìyẹn nìkan ti tó. Bí kò bá ṣí, nọ́ńbà gígùn tó ń béèrè ní díjíìtì 48, ó sì ṣeé ṣe kó wà nínú àkáǹtì yín. Ẹ fi fóònù lọ sí account.microsoft.com/devices/recoverykey, kí ẹ fi ìmeèlì tí wọ́n fi ṣí láàpútọ́ọ̀pù náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọlé. Ó lè jẹ́ ti ọmọ yín, ó lè jẹ́ ti ilé ìwé, ó sì lè jẹ́ ti ẹni tó tà á fún yín, nítorí náà ẹ bi gbogbo wọn. Bí nọ́ńbà náà kò bá sí níbì kankan, Microsoft fúnra rẹ̀ kò lè ṣí i. Ẹni tó bá ní òun lè ṣí i, àpò yín ló fẹ́ ṣí.

Ẹ̀yin yòókù, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà yín, ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sórí ìwé, kí ẹ sì dá BitLocker dúró fúngbà díẹ̀.

Bàbá, ẹ ti ń dẹ́rù bani jù. Microsoft fúnra wọn ní fáìlì ò ní sọnù. Ta ló mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ? — Aláròyé, Òṣogbo

Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ní 2 October 2018, wọ́n gbé àtúnṣe Windows 10 kan jáde, 1809 ni nọ́ńbà rẹ̀. Nígbà tó fi di 6 October, wọ́n ti dá a dúró, nítorí pé ó ń pa ìwé àti fọ́tò àwọn kan rẹ́. Àwọn tó kàn ni àwọn tó ti darí fódà bíi Documents lọ sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n tí fáìlì wọn kan ṣì kù nínú fódà ti tẹ́lẹ̀. Àtúnṣe náà rò pé fódà ti tẹ́lẹ̀ kò wúlò mọ́, ó sì gbá a dànù tòun ti ohun tó wà nínú rẹ̀. November ni wọ́n tó tún un gbé jáde. Microsoft ní àwọn tó fi ẹjọ́ sùn kò ju 0.01% lọ. Ẹ lọ sọ ìyẹn fún ẹni tí fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ wà nínú 0.01% náà.

Ẹ káalẹ́ sà. Mo ṣe é fúnra mi lọ́jọ́ kẹrin sẹ́yìn, n kò sì rí project mi mọ́. Ẹ gbà mí o. — Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

Ọmọ mi, má dáńlóòdù nǹkan kan sórí ẹ̀rọ yẹn mọ́. Wo inú C:\Users ná, bóyá orúkọ mìíràn lo fi wọlé. Wo fódà OneDrive, ibi ìpamọ́ Microsoft lórí ayélujára, ó máa ń fa Desktop mọ́ra. Lẹ́yìn náà, ṣí C:\Windows.old, kí o wá orúkọ rẹ nínú Users tó wà níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni Windows sábà máa ń fi í sílẹ̀, nítorí náà da ohun tí o bá rí níbẹ̀ kọ lónìí, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ ṣe Disk Cleanup. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí dísìkì rẹ sì jẹ́ SSD, irú èyí tí kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀, ìrètí kéré, nítorí SSD máa ń nu ibi tí fáìlì tí wọ́n pa rẹ́ wà kíákíá. Tó bá jẹ́ háàdì dísìkì àtijọ́ tó ń yí, pa ẹ̀rọ náà, kí o gbé e tọ ẹni tó mọ iṣẹ́ lọ.

Iná ńkọ́? — Ọ̀tà

Bí iná bá lọ nígbà tí Windows 11 ń wọlé lọ́wọ́, Windows sábà máa ń padà sí ti tẹ́lẹ̀ nígbà tó bá dé, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe ìdánwò. Kí bátìrì láàpútọ́ọ̀pù kún, kí ó sì wà lára iná. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ gbé e sórí ínfátà tàbí jẹnẹrétọ̀ tí epo rẹ̀ tó. UPS kékeré kò lè gbé e dópin. Bí ó bá dúró lójú kan fún ìgbà pípẹ́, kò tíì kú, ẹ má tẹ bọ́tìnì. Kí ẹ sì yọ háàdì dísìkì tí ẹ kó ẹ̀dà sí kúrò lára rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kí iná tó ṣẹ́jú má bàa kàn án, kí ẹ̀ńjíníà má sì ṣi dísìkì fọ̀.