Èsì: Táítáníọ̀mù tàbí PEEK fún iṣẹ́ abẹ ọrùn?

Ẹ kú ìtọ́jú ọkọ yín, mà. Ẹ béèrè èwo ló sàn jù láàárín àgò kékeré tí wọ́n fi táítáníọ̀mù ṣe àti ti PEEK, tí wọ́n bá yọ díìsì (ìrọ̀rí rírọ̀ tó wà láàárín eegun) tó bàjẹ́ láàárín eegun ọrùn karùn-ún àti ìkẹfà, tí wọ́n sì fẹ́ fi àgò náà dí àlàfo rẹ̀ kí eegun méjèèjì lè so pọ̀.

PEEK jẹ́ ike tí líle rẹ̀ sún mọ́ ti eegun, ìtànṣán X-ray sì máa ń gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà dókítà lè rí i bóyá eegun tuntun ti ń hù. Àléébù rẹ̀ ni pé eegun kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ tó ń dán. Eegun a máa lẹ̀ mọ́ táítáníọ̀mù dáadáa, pàápàá èyí tí ojú rẹ̀ rí ṣákaṣàka, ṣùgbọ́n ó le ju eegun lọ fíìfíì, ó lè rì sínú eegun tí ọjọ́ orí ti sọ di ẹlẹgẹ́, ó sì máa ń ba àwòrán MRI jẹ́ ní àyíká rẹ̀. Eegun ìbàdí aláìsàn fúnra rẹ̀, tí Smith àti Robinson, àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ, fi dí àlàfo náà láyé ọjọ́un dípò àgò, ṣì ń so pọ̀ dáadáa, àmọ́ ojú ibi tí wọ́n ti gé e lè máa dunni pẹ́.

Ní tèmi, ohun tó yẹ kí ẹ bi dókítà jù lọ ni bóyá yóò de pẹlẹbẹ irin mọ́ iwájú eegun náà, nítorí pé ẹ̀yìn ọ̀nà ọ̀fun gan-an ni irin yìí máa ń wà, ó sì lè mú kí òkèlè ṣòro gbé mì fún ìgbà díẹ̀. Àgò tí síkúrù rẹ̀ gba inú ara rẹ̀ kọjá kì í yọ síta bẹ́ẹ̀. Tí ọkọ yín bá ń mu sìgá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jáwọ́ nísinsìnyí, torí pé ó máa ń dí ìsopọ̀ eegun lọ́wọ́, ohun yòówù kí wọ́n fi sí i.