Èsì: Ọmọ tó ń há ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sórí, tó sì ń gbàgbé

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, mọ̀mí. Ẹ ní ọmọ yín ní Ṣágámù ń há díkíṣọ́nárì sórí, kì í sì í pẹ́ tó fi ń gbàgbé. Kó fi ìyẹn sílẹ̀ ná, kó mú gbòǹgbò ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn ibi tí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ti hù jáde. Lédè Látìn, "portare" ni kéèyàn gbé nǹkan; ibẹ̀ ni "port" inú àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ti wá. "Ex" ni jáde, "trans" ni sọdá, "re" ni padà. Export: gbé e jáde. Transport: gbé e sọdá. Àní report pàápàá, gbé e padà wá ni.

Tí ẹ bá dé ìkóríta ọ̀nà Benin, kó ka "Transport" lára àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, kó tú u wẹ́wẹ́ fún yín. Gààrí Ìjẹ̀bú tó ń lọ sókè òkun, kó fi ṣe gbólóhùn fún export. Ẹ má kánjú o! Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó mú "spect", ìyẹn wíwò: inspect, spectator.