Tí ohun gbogbo bá pọ̀ tó fún gbogbo èèyàn, ṣé ojúkòkòrò yóò tán?

Kò ní tán o. Ohun tí a ń lé ló máa yí padà.

Ní 1930, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, John Maynard Keynes, sọ pé láàárín 100 ọdún, ìgbé ayé ní àwọn ìlú tó ti gòkè àgbà yóò dára ní ìlọ́po mẹ́rin sí mẹ́jọ, àti pé wákàtí 15 lọ́sẹ̀ yóò tó fún iṣẹ́. Ọrọ̀ náà dé lóòótọ́. Ìsinmi ni kò tíì dé: ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ṣì ń ṣe bíi wákàtí 40.

Òun náà sì ti rí ibi tí ìṣòro wà. Ó ní oríṣi méjì ni àìní wa: èyí tó ń yó, bí oúnjẹ àti ilé, àti èyí tí a ń fẹ́ kí a lè ju ẹlòmíì lọ. Èkejì yìí kì í yó.

Ẹ wo òde ìnáwó wa. Ìrẹsì kún kúlà, ẹran wà, ebi ò pa ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ ẹnì kan ń fajú ro nítorí pé wọ́n fi í sí ẹ̀yìn, òmíràn ń bínú pé léèsì ẹbí ìyàwó gbówó lórí ju ti ẹbí tiwọn lọ. A lè fi ìkòkò ìrẹsì kún ìkòkò. Àga iwájú ò lè ju ìlà kan lọ.

Olè tí ebi ń sún jalè lè dínkù, mo gbà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tó lè fún gbogbo wa ní ilẹ̀ kan náà létí òkun, tàbí tó lè sọ gbogbo wa di olóyè kan náà.