Ẹ wá àyè fún àwọn tó ń jẹun nídìí epo bẹntiróòlù

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ bèèrè ọ̀nà tí ẹ lè gbà kí àwọn ọlọ́kadà àdúgbò yín tẹ́wọ́ gba alùpùpù oníbátìrì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ti rí nídìí rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí mo ti ń fi í gbé èrò.

Àwọn tó ń polówó rẹ̀ fún wa sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí èéfín àti ojú ọjọ́. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ owó fún ẹni tó ni ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kì í torí ìyẹn yí iṣẹ́ rẹ̀ padà. Oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ló yí wa lérò padà. Kpayo, ìyẹn epo tí wọ́n ń gbé gba ẹnubodè wá láti Nàìjíríà tí a ń rà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, iye rẹ̀ di nǹkan bí ìlọ́po méjì, olúkúlùkù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ohun tó kù sí i lọ́wọ́.

Bí bátìrì bá tán, a ó gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ rẹ̀, a ó sì gba èyí tó kún. Kò sí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí a ó máa rà mọ́. Ṣùgbọ́n bí ibi ìpààrọ̀ bá jìnnà sí ọjà, àǹfààní náà ti bọ́ nù, nítorí ẹrù wúwo ń tètè jẹ bátìrì: mo ti ti alùpùpù mi lábẹ́ oòrùn lójú ọ̀nà Sàkété pẹ̀lú ẹrù iṣu lórí rẹ̀.

Síbẹ̀, ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ládùúgbò wa kò sí lára ọkọ̀ rárá. Àwọn mẹkáníìkì àti àwọn tó ń ta kpayo ni aládùúgbò wa, wọ́n ń yá wa lówó, a sì máa ń bi wọ́n kí a tó ra ohunkóhun. Nígbà tí wọ́n rí i pé oúnjẹ ọmọ àwọn ń lọ, wọ́n ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé iná alùpùpù náà yóò gbé wọn nínú òjò, a sì gbà wọ́n gbọ́. Èmi kò bá wọn wí, nítorí àwọn aláàbọ̀ ara wà nínú àwọn tó ń gbé kpayo, tí wọn kò rí iṣẹ́ mìíràn, kì í sì í ṣe pé wọn kò mọ ewu rẹ̀. Ó kéré tán, ènìyàn 34 ló kú nínú iná tó jó ibi ìkópamọ́ epo bẹ́ẹ̀ ní Sèmè-Kraké, lẹ́bàá ẹnubodè Nàìjíríà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023.

Nítorí náà, kí ẹ tó pe ìpàdé àwọn ọlọ́kadà, ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn wọ̀nyí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ kó alùpùpù wá bóyá wọn yóò kọ́ mẹkáníìkì àdúgbò ní iṣẹ́ mọ́tò iná àti wáyà, nítorí bíréèkì àti táyà nìkan kò tó o jẹ, àti bóyá obìnrin tó ń ta epo ní oríta lè di ẹni tí yóò máa bójú tó ibi ìpààrọ̀ bátìrì. Ládùúgbò wa, ìgbà tí mẹkáníìkì kan kọ́ iṣẹ́ náà ni ariwo rọlẹ̀.

Ẹ tún béèrè ta ni yóò máa dá iye owó ìpààrọ̀, nítorí bátìrì kì í ṣe tiwa, àti bóyá wọ́n lè ti ọkọ̀ pa láti ọ̀nà jíjìn bí ẹnìkan bá jẹ gbèsè. Kí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i.