Irin náà ti wà, àbùdá rẹ̀ la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, lọ́yà wa. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ aluminium ni mo wà ní Houston. A po àdàlù kan tí kì í sán bí wọ́n bá jó o pọ̀, a sì béèrè páténtì lórí rẹ̀, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí ìjọba fi ń dáàbò bo ohun tuntun tí èèyàn ṣe. Ẹni tó ń yẹ ìwé wa wò gbé àpilẹ̀kọ àtijọ́ kan jáde: ìpín èròjà kan náà ni, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan nípa jíjó pọ̀. Ṣé kò rẹ́ wa jẹ báyìí?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó dùn mí láti sọ ọ́, kò rẹ́ yín jẹ. Bó bá jẹ́ irin náà gan-an lẹ ní kó jẹ́ tiyín, òun ló jàre. Ẹni tó kọ́kọ́ pò ó lè má mọ̀ pé kì í sán. Ìyẹn ò sọ ọ́ di irin tuntun.

Ẹ wo ẹjọ́ Titanium Metals tí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá ní Amẹ́ríkà ní 1985. Ilé iṣẹ́ Titanium Metals fẹ́ páténtì lórí titanium tí molybdenum 0.2 sí 0.4 àti nickel 0.6 sí 0.9 nínú ọgọ́rùn-ún wà nínú rẹ̀, torí pé omi iyọ̀ gbígbóná kì í jẹ ẹ́. Àpilẹ̀kọ àwọn ará Rọ́ṣíà kan sì ti jáde ní 1970. Agbára irin ni wọ́n ń wọ̀n níbẹ̀, wọn ò dárúkọ ìpẹtà rárá. Àmọ́ àmì tóótó kan wà lórí gíráàfù wọn; ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ á bá molybdenum 0.25 àti nickel 0.75. Àmì kan ṣoṣo yẹn ló gba páténtì lọ́wọ́ Titanium Metals. Kódà molybdenum 0.3 àti nickel 0.8 tí wọ́n béèrè ní pàtó, tí kò sí lórí gíráàfù, bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, torí ó sún mọ́ ti àtijọ́ jù.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ò tíì dí. Àbùdá lójú òfin ni ohun tí kò lè ṣe kó má wà. "Ó ṣeé ṣe kó wà" ò tó. Ṣé èròjà ni kì í jẹ́ kó sán, àbí bí ẹ ṣe ń mú un gbóná tí ẹ sì ń jẹ́ kó tutù? Bó bá jẹ́ ti ìgbóná, ọ̀nà tí ẹ ń gbà ṣe é yẹn ni kí ẹ béèrè páténtì lé lórí, ẹ fi irin sílẹ̀. Ibẹ̀ lèmi ìbá gbà.

Ẹ po irin bí àpilẹ̀kọ náà ṣe wí gẹ́lẹ́, ẹ má fi ọgbọ́n tiyín kún un. Ẹ jó o pọ̀, ẹ gé e, ẹ yà á lábẹ́ maikirosíkóòpù, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Níwọ̀n ìgbà tí ìpín ti dọ́gba, ọwọ́ yín ni ẹ̀rí kù sí. Ẹ má sì ju èyí tó bá sán nù: òun gan-an lẹ máa gbé síwájú ẹni tó ń yẹ ìwé yín wò, láti fi hàn pé èròjà nìkan kọ́ ni kì í jẹ́ kó sán.